Òfin Àpáta

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé káńsù wa fẹ́ ṣòfin lórí àpáta, ẹ̀rín ni mo fi í rín. Mo rò pé ẹni tó mú ìròyìn náà wá ló ṣe àgbọ́ọ̀gbọ́tán. Òrùlé ọjà ti ṣí láti ẹ̀rùn tó kọjá. Ọ̀nà tó wọ ìlú wa láti Kàbbà ti di kòtò tí pẹ́pẹ́yẹ ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Nínú gbogbo èyí, ohun tí àwọn kánsílọ̀ wa rí jókòó lé lórí ni òkúta tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ káńsù.

Ilẹ̀ Okun kò ṣaláìní òkúta, ṣùgbọ́n èyí tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Ó wà ní ìpẹ̀kun ìlú, níbi tí ọ̀nà oko ti bẹ̀rẹ̀. Kò ga rárá, ó kàn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù. Oòrùn kì í kúrò lójú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin wa ń sá ẹ̀gẹ́ sí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ di láfún. Bí ènìyàn bá dúró lójú ọ̀nà nígbà ẹ̀rùn tó wo ọ̀hún lọ́sàn-án, yóò rò pé ẹnì kan ló sá aṣọ àlà sílẹ̀ tó gbàgbé láti ká a.

Kò sí ààlà tí ojú àlejò lè rí níbẹ̀, síbẹ̀ kò sí obìnrin tó ń ṣi àyè ẹlòmíràn gbà. Ẹni tó ń gbá ojú ibẹ̀ ló ni ín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọkọ a gbé ìgbálẹ̀ lé ìyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá jẹ́ kí ewé àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ bo tirẹ̀ fún odidi ẹ̀rùn kan, tí ẹlòmíràn bá wá gbá a, kó máà ké ìbòòsí.

Àyè tí ìyàwó mi ń lò, ti ìyá mi ni. Ó wà ní àárín gbùngbùn, níbi tí òkúta ti gbé ẹ̀yìn díẹ̀, tí omi kì í dúró sí. Láfún orí ibẹ̀ ló rán mi lọ sí yunifásítì ní ayé ìgbà tí à ń jẹ adìyẹ ní ọjọ́ Ìsinmi, tí òṣìṣẹ́ kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa lọ. Bí mo bá sọ èyí fún àwọn ọmọ-ọmọ mi, wọ́n a máa wojú ara wọn. Ẹ̀kọ́ ìṣèjọba ni mo kọ́. Olùkọ́ wa, òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ pọ́n bí ata, máa ń sọ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ìjọba tó sún mọ́ ènìyàn jù lọ. Mo gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mi ò mọ̀ pé bí ẹ̀fọn ṣe ń sún mọ́ ènìyàn ló ní lọ́kàn.

Kánsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá mi nílé. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, mo mọ bàbá rẹ̀ dáadáa. Ìwà ìrẹ̀lẹ̀ bàbá náà kò dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

"Okun o, Bàbá."

"Okun, ọmọ mi. Ṣé kò sí?"

"Kò sí o. Alága káńsù ní kí n kí yín. Wọ́n ti yàn yín, Bàbá."

"Wọ́n yàn mí sí kí ni?"

"Kọmitíì Àpáta. Èmi ni alága kọmitíì, ẹ̀yin ni akọ̀wé. Alága ní àwọn fẹ́ ẹni tó kàwé nígbà tí ìwé ṣì jẹ́ ìwé."

Mo bi í pé kí ni àpáta ṣe. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ní alága rin ìrìn-àjò dé ìlú kan tí àwọn ènìyàn ti ń gun òkúta tí wọ́n sì ń ya fọ́tò lórí rẹ̀, ló bá rántí pé àwa náà ní òkúta. Ṣùgbọ́n tiwa kò létò, àwọn obìnrin kàn ń da ẹ̀gẹ́ sí i bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, òfin ti jáde pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ohunkóhun síta mọ́, àfi lórí ilẹ̀ tí káńsù bá fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Alága sì ti yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì méjì lórí ọ̀rọ̀ àpáta, ọ̀kan fún apá òkè, ọ̀kan fún apá ìsàlẹ̀.

"Ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ," mo ní, "ibo ni apá òkè rẹ̀?"

"Ìyẹn ni kọmitíì wa máa pinnu, Bàbá."

"Ṣé àwọn obìnrin tó ń lò ó mọ̀ sí i?"

"A máa là wọ́n lọ́yẹ̀."

Ìyàwó mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Kò gbójú sókè, ọ̀bẹ rẹ̀ ò sì dúró. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní, "Akọ̀wé Àpáta, ẹ kú oríire."

"Ṣé kí n kọ̀ ọ́ ni?"

"Kí lẹ máa kọ̀ ọ́ sí? Níbi tí wọ́n bá ti ń gé ẹran, ó dáa kí èèyàn ẹni wà nítòsí ọ̀bẹ." Ó ju ẹ̀gẹ́ kan sínú agbada omi. "Ṣùgbọ́n ẹ fetí sílẹ̀, Bàbá wọn. Láfún mi làwọn ará Ìyamoyè ń wá rà nítorí pé ó funfun, kò ní yanrìn. Àyè yẹn ló sọ ọ́ di funfun. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ wa, mi ò níbi tí mo ń lọ. Owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀ ló rí."

Mo mọ̀. Mo gbà láti lọ.

Mo máa ń rántí àwọn wọlé-wọlé ayé Ẹ̀n-Ẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àtijọ́, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, tí ilé iṣẹ́ wọn kò ju yàrá méjì tí a fi páànù bò lọ. Bí a bá ti rí ṣòkòtò kákí lókèèrè, ìyá mi a sáré lọ bo àmù. Wọlé-wọlé le bí ojú ẹja, ṣùgbọ́n tanwíji tó bá rí nínú omi ló ń bá ènìyàn jà sí. Àgbà a máa ro àná sí rere, mo mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn náà ti ṣe wèrè tiwọn tí n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyẹn wo inú àmù. Àwọn ti òde òní, òkúta ni wọ́n ń wò.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ kọmitíì wa ni pé kí a mọ ẹni tó ni àpáta. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn olórí ẹbí. Mẹ́ta dé, ọkùnrin ni gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó sá ewé ẹ̀fọ́ rí láyé rẹ̀. Èkíní sọ pé orí àpáta náà ni wọ́n ti bí baba ńlá àwọn. Èkejì ní irọ́ ni, pé baba ńlá tàwọn, ọdẹ, ló kọ́kọ́ sinmi níbẹ̀, pé òkúta náà ò tilẹ̀ tíì tutù nígbà náà. Ẹ̀kẹta pẹ́ dé, kò sì bá ìtàn gidi kankan nílẹ̀ mọ́. Ó wò yíká, ó wúkọ́, ó ní àwọn ló gbé àpáta náà wá láti Ilé-Ifẹ̀.

Kánsílọ̀ bi í pé, "Ṣé odidi lẹ gbé e, àbí ẹ wá tò ó jọ níbí?"

"Odidi ni."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Akọ̀wé ni mí.

Mo dìde sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n pe àwọn obìnrin, torí pé àwọn ló mọ ibi tí ti oníkálukú dé. Olórí ẹbí tó gbé òkúta wá láti Ifẹ̀ ló dá mi lóhùn. "Ọ̀gá akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ là ń sọ, a ò sọ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn, mo sì kọ ẹ̀rín náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn olórí ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò gbà fún ara wọn, kọmitíì pinnu pé kí a pín in bí ẹni pín ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dé pẹ̀lú okùn àti ọ̀dà funfun, wọ́n fa ilà bí àpótí bí àpótí kọjá lórí òkúta, wọ́n kọ nọ́ńbà sí ojú àpótí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni a ṣẹ́ ìbò kó má baà sí ojúsàájú. Ìbò náà mọ ènìyàn. Gbogbo àpótí àárín lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyàwó kánsílọ̀ àti ìyekan wọn. Àyè ìyá mi bọ́ sọ́wọ́ ìyàwó alága, ẹni tó ń gbé Àbújá, tó jẹ́ pé inú àwo nìkan ló ti ń pàdé ẹ̀gẹ́. Ìyàwó tèmi gba àpótí kan ní ìpẹ̀kun òkúta, létí odò, lábẹ́ igi àràbà ńlá tí àwọn lékeléke ń sùn sí. Ẹni tó bá mọ ohun tí lékeléke ń ṣe láti orí igi, mi ò ní láti ṣàlàyé fún un irú láfún tí yóò jáde níbẹ̀.

Mo dìde, mo ní èyí ò dáa. Kánsílọ̀ dá mi lóhùn tìfẹ́tìfẹ́. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Káńsù ò tíì jókòó fọwọ́ sí i. Ẹ lè kọ ẹ̀dùn ọkàn yín ránṣẹ́ títí di ìgbà náà."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ń yí ẹ̀gẹ́ inú agbada padà.

"Lábẹ́ àràbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Níṣojú yín."

Mo ti ìwé ìpàdé bọ àpò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le gan-an nìyí. Títí káńsù yóò fi fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sá nǹkan lórí àpáta, wọ́n sì ti fi àwọn géńdé kan síbẹ̀ tí wọ́n wọ fẹ́ẹ̀sì àwọ̀ ewé. Àmọ́ gbogbo obìnrin ìlú ló ti rẹ ẹ̀gẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti wọ inú omi, ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin ni tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí kò bá rí oòrùn, ó di ohun tí ajá ń sá fún. Káńsù yẹ kó jókòó lọ́jọ́ kejì. Wọn ò pé; òkú kan wà ní Mákùtù tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ yẹ́ sí. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pé, ṣùgbọ́n wọn ò rí ọ̀pá àṣẹ. Inú bùúùtù mọ́tò igbákejì alága ló wà, igbákejì alága sì ti lọ sí Lọ́kọ́ja. Láìsí ọ̀pá àṣẹ, wọ́n ní, òfin ò lè dúró. Mo dúró lójú fèrèsé gbọ̀ngàn wọn, mo ń wo àwọn àgbàlagbà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń retí igi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ilé wa ti ń rùn. Ẹni tó bá mọ òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan mọ̀ pé kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ìyàwó mi àti àwọn obìnrin àdúgbò kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

"Bàbá wọn," ó pè mí, "kí ni òfin yẹn wí gan-an? Ẹ kà á bó ṣe wà."

Mo kà á: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sá ohunkóhun síta àfi lórí ilẹ̀ tí káńsù fọwọ́ sí.

"Ilẹ̀ wo wá ni wọ́n ti fọwọ́ sí?"

"Kò tíì sí."

"Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ́fíìsì wọn sí ńkọ́? Ṣé wọn ò fọwọ́ sí ìyẹn ni?"

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́. "Yéè! Kọnkéré tuntun tó wà níwájú ibẹ̀!"

"Ewúrẹ́ ò sì lè wọ ibẹ̀," òmíràn sọ. "Wọ́n ní géètì."

Mo ní kí wọ́n rò ó dáadáa. Ìyàwó mi wò mí. "Akọ̀wé, ẹ lọ sùn. Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ là ń sọ níbí."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà, agbada àti apẹ̀rẹ̀ lórí, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mo tẹ̀ lé wọn láti òkèèrè, mo ń ṣe bí ẹni tó ń nasẹ̀. Ìyá ẹni tó ń ṣọ́ géètì wà nínú wọn, géètì sì ṣí láìsí ariwo. Wọn ò kọ́kọ́ da ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ o. Wọ́n gbá a. Wọ́n gbá iwájú sẹkitéríà káńsù láti ẹnu géètì títí dé abẹ́ òpó àsíá, oníkálukú mú àyè tirẹ̀, eruku ń sọ. Nígbà tó mọ́ tán ni wọ́n wá tẹ́ ẹ̀gẹ́ sí i. Kí àwọn òṣìṣẹ́ tó dé, kò sí ibi tí wọ́n lè fẹsẹ̀ lé.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn kánsílọ̀ pé. Iná ò sí, fèrèsé gbọ̀ngàn sì gbọ́dọ̀ ṣí. Òórùn wọlé, ó jókòó láàárín wọn bí ọmọ ẹgbẹ́. Jíìpù alága dúró lẹ́nu géètì, kò rí ọ̀nà wọlé. Alága sọ̀ kalẹ̀, ó fi áńkáṣífù bo imú.

"Ẹ̀yin ìyá wa, kí lèyí? Ibi tí a ń gbé mọ́tò sí nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó ẹrù yín."

Ìyàwó mi nà dúró. "A ti gbá a."

"Kí lẹ gbá?"

"Ibí. A ti gbá a. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti dá kọnkéré yìí, ṣé ẹ gbá a rí?"

Àwọn kánsílọ̀ ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo rí ojú wọn. Kò sí èyí tí ìyá rẹ̀ kò ní àyè lórí àpáta. Kò sí èyí tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí láàárín wa pé obìnrin ti gbá ibì kan. Kánsílọ̀ wa, alága kọmitíì, sún mọ́ alága, ó sọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ sí i létí, àmọ́ mo gbọ́ ọ: "Ọ̀gá, wọ́n ti gbà á o. Bí ẹ̀rùn kan bá kọjá báyìí, a ò ní lè lé wọn mọ́."

"Gba kí ni?"

"Sẹkitéríà."

Ní gbogbo ọjọ́ ayé mi, mi ò rí káńsù tó jókòó kíákíá bẹ́ẹ̀. Kí ojú ẹ̀gẹ́ tó gbẹ, wọ́n ti wọ́gi lé òfin náà, wọ́n ti tú kọmitíì wa ká, wọ́n sì ti rọ àwọn obìnrin pé kí wọ́n padà sórí àpáta wọn bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ ṣì wà ní Lọ́kọ́ja. Kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ pàtàkì méjèèjì nìkan ni wọn ò fọwọ́ kàn. Ìyẹn ti di ìpín wọn.

Àwọn obìnrin lọ fi yanrìn fọ ọ̀dà kúrò lójú òkúta. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n alága wa kì í ṣe ẹni tó ń jẹ́ kí ìtìjú lọ lásán. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé pátákó ńlá kan sẹ́bàá ọ̀nà oko. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni pé àpáta yìí jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ àkànṣe ìjọba alága. Wọ́n ní alága fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí i fún ará ìlú, àti pé ìyàwó rẹ̀ ti fi ọ̀làwọ́ yọ̀ǹda àyè tirẹ̀ ní àárín gbùngbùn.

Àárọ̀ ni wọ́n pè wá. Ọ̀sán gangan ni alága dé, oòrùn dúró ṣánṣán lókè orí. Wọ́n ti so ríbọ́ọ̀nù mọ́ àga oníke méjì ní àyè ìyá mi. Ìyàwó mi dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀. Alága ń bọ̀ nínú bàtà funfun tó ń dán, àwọn kánsílọ̀ tò tẹ̀ lé e, bí ó sì ṣe fẹ́ gbé ẹsẹ̀ lé orí òkúta, ìyàwó mi na ìgbálẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ọmọ mi, bọ́ bàtà ẹ."

"Mama?"

"Oúnjẹ là ń sá síbí. A kì í wọ bàtà gùn ún. Bi ìyá ẹ."

Ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn obìnrin. Ó kàn wo bàtà ọmọ rẹ̀. Alága bọ́ ọ. Àwọn kánsílọ̀ bọ́ tiwọn. Olùrànlọ́wọ́ pàtàkì fún apá òkè àti ti apá ìsàlẹ̀ bọ́ tiwọn.

Àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn obìnrin wa ti bá àpáta yẹn dọ́rẹ̀ẹ́ tipẹ́. Tàwọn tó ń jókòó nínú jíìpù, ó rọ̀ bí ti ọmọ tuntun, òkúta náà sì ti ń mu oòrùn láti àárọ̀. Alága mú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ìwé tó nípọn, ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú mi," ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó ní, "Lónìí yìí," ó gbé ti òsì. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ilé ìgbìmọ̀ ti ń jó láìsí orin. Olùrànlọ́wọ́ apá ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ sá lọ sínú koríko. Alága gé ríbọ́ọ̀nù bí ẹni tó ń gé okùn ọrùn ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.

Ẹ̀rín pa mí títí omijé fi bọ́ lójú mi, mo sì ronú kan ìyá mi.

Wọn ò tíì wọ bàtà wọn tán nígbà tí ìyàwó mi ti gbá ibi tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ṣí àga oníke méjèèjì kúrò, ó da apẹ̀rẹ̀ ẹ̀gẹ́ àkọ́kọ́ sí àárín gbùngbùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tẹ́ ẹ.